Àwọn Olófòófó Tí Hajarat Fi Nǹkan Pamọ́ Fún

Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàléláàádọ́rin náírà ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni mo kà sí Hajarat lọ́wọ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún yìí, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gọ́ta jẹ́ ti fóònù àlòkù kan tí kámẹ́rà rẹ̀ ríran dáadáa. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ àti ààbọ̀ jẹ́ ti irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí iná roboto jókòó sí lórí. Ẹgbẹ̀rún méje tó kù jẹ́ ti dátà.

"Ẹ ṣé gan-an, Bàbá," ni Hajarat wí. "Kí òjò tó mú ilẹ̀ dáadáa, màá ti san án."

"Òjò ọdún wo?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀, ó sì kó owó náà lọ.

Ìyá rẹ̀ ló háyà yàrá méjì lọ́dọ̀ mi láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Abọ́ rọ́bà àti korobá ni Ìyá Hajara ń tà l'Ákẹ̀sán, kò sì jẹ mí lówó ilé rí. Ojú mi báyìí ni Hajarat ṣe dàgbà. Yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló lọ. Ìmọ̀ nípa oúnjẹ ló kọ́ níbẹ̀: bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, àti bí èèyàn ṣe ń mọ èyí tó dáa yàtọ̀ sí èyí tó ti bàjẹ́. Lórí kóró kajú ló kọ ìwé àṣejáde rẹ̀, torí pé kajú pọ̀ ní agbègbè yẹn bí iyanrìn. Tó o bá fi kóró kajú kan lé e lọ́wọ́, á mì í létí, á gbóòórùn rẹ̀, á sì sọ fún ọ bóyá òjò ti pa á lóko.

Àmọ́ mímọ̀ ọ́n yàtọ̀, ríríṣẹ́ yàtọ̀. Lẹ́yìn tó sin ìjọba tán, ọdún méjì ló fi kọ lẹ́tà. Mo mọ iye tó ná an nítorí pé mo bèèrè. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣọ́ ilé ìkẹ́rù sí ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan nílùú yìí, nǹkan ò lè wọlé tàbí kó jáde lójú mi kí n má bèèrè iye rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló kọ, ojú ìwé mẹ́ta mẹ́ta, ọgọ́rùn-ún náírà fún ojú ìwé kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: ₦19,200. Owó ọkọ̀ tó fi lọ jẹ́ ìpè, ₦41,000. Ìpè mẹ́ta. Iṣẹ́, òdo.

Ohun tó wá ń lé e léré ni ti àǹtí rẹ̀ tó ń ta wíìgì ní Ìbàdàn. Àǹtí yìí ti ránṣẹ́ pé bí oṣù karùn-ún bá parí tí Hajarat ò ríṣẹ́, kó máa bọ̀ wá bá òun ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ìyá rẹ̀ ti gbà. Hajarat ò gbà, kò sì kọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan níbi tó ti ń fa omi pé, "Bàbá, wíìgì ò burú. Àmọ́ kì í ṣe wíìgì ni mo fi ọdún márùn-ún kà."

Ìyẹn ló jẹ́ kí n yá a lówó. Ó ní ayé ti yí, àwọn èèyàn ò kọ lẹ́tà nìkan mọ́, pé èèyàn ní láti gbé ara rẹ̀ sí gbangba lórí ẹ̀rọ ayélujára kí àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ lè rí i. Ó ti gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí fóònù. Olùkọ́ rẹ̀ ní kó máa gbé fídíò síta lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní Mọ́ńdè, Wẹ́sìdeè àti Fúráìdeè, á ta aṣọ funfun sára ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga wa, á tan iná roboto, á máa fi abẹ kékeré la kóró kajú, á sì máa sọ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ pé imú ló ń sọ ọ́ ju ẹnu lọ. Ewúrẹ́ Ìyá Bọ́lánlé, aládùúgbò wa, wà nínú fídíò mẹ́ta ó kéré tán.

Nígbà tí oṣù kẹta parí, mo pè é kó wá jíhìn.

"Ta ló ti pè ọ́?"

"Bàbá, èèyàn ẹgbẹ̀rún kan àti ọ̀ọ́dúnrún ló ń wo fídíò mi lórí ìkànnì àwọn tó ń wáṣẹ́."

"Ibo ni wọ́n ń gbé?"

"Ọ̀pọ̀ wọn, Íńdíà."

"Mélòó ló wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ nínú wọn?"

Ó fi etí aṣọ nu ojú fóònù rẹ̀.

"Wọ́sáàpù ńkọ́? Níbẹ̀ ṣáà ni àwọn èèyàn wa kún sí."

Ó ní òun ń gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì òun lójoojúmọ́, àmọ́ èèyàn mọ́kànlá péré ló ń wò ó. Mo yọ fóònù tèmi. Kò sí sítátọ́ọ̀sì tí mi ò kì í wò. Mo wo ti ìgbéyàwó, mo wo ti ìsìnkú, mo wo àdúrà tí ìyàwó àlùfáà wa máa ń kọ láàárọ̀. Mo wá Hajarat lókè, mo wá a nísàlẹ̀, mi ò rí i. Mo wá rántí pé mi ò rí i rí.

"Hajarat, tìẹ ò sí níbí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo fi í pamọ́ fún yín ni."

"Fún èmi tí mo ra fóònù?"

"Ẹ̀yin nìkan kọ́. Gbogbo ará ilé ni. Àti àwọn ará àdúgbò. Àti àwọn tí a jọ ń lọ sí ilé-kéú. Àti àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí a jọ gbélé."

"Gbogbo wọn jẹ́ mélòó?"

"Igba ó lé mẹ́rìnlá."

Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ọjà dé, ti òun ti korobá mẹ́fà tí wọ́n tò bọ ara wọn. Ó gbọ́ ohun tí a ń sọ, ó sọ ẹrù kalẹ̀. "Èmi ni mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá Ṣèyí."

Ó ní kí n rántí ọdún tí ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan pe Hajarat sí Ìbàdàn. Inú ọmọ dùn, ó sọ fún tẹbí tará. Gbogbo wọn bá a yọ̀, gbogbo wọn ṣàdúrà. Láti ọjọ́ yẹn, ilé iṣẹ́ bísíkíìtì ò pè mọ́.

"Ohun téèyàn bá ń wá, ẹnu ò gbọdọ̀ kàn án títí á fi bọ́ síni lọ́wọ́," ni Ìyá Hajara wí. "Àbí ẹ ò mọ ayé ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀. Hajarat, báwo lo ṣe mọ àwọn tó o máa yọ?"

"Àwọn tí ẹnu wọn ò lè pa nǹkan mọ́ ni, Bàbá."

"Èmi wá ńkọ́?"

Ìyá wo ọmọ, ọmọ wo ìyá. Hajarat rọra sọ ọ́: "Bàbá, ta ló sọ fún gbogbo àdúgbò pé Bọ́lánlé ti lóyún kí ọkọ rẹ̀ tó gbọ́?"

"Mo kàn kí i kú oríire ni."

"Ẹnu géètì lẹ ti kí i, Bàbá Ṣèyí," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mo gbọ́ ọ látinú yàrá."

Mo fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Mo ní, "Ìyá Hajara, bí ẹ bá gbé abọ́ yín dé ọjà, tí ẹ fi aṣọ bò ó, tí ẹ wá jókòó tì í, ta ni á rà á?"

"Abọ́ yàtọ̀ sí ọmọ."

"Òótọ́ ni. Abọ́ kì í jẹun."

Kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín mú un. Mo bá rí àyè wọlé. Mo ní kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn fún ọjọ́ mẹ́ta péré. Tí ẹnu ayé bá ba nǹkan kan jẹ́, mo fa gbèsè ₦73,500 ya, wọn ò jẹ mí ní kọ́bọ̀. Tí kò bá bàjẹ́, owó mi ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Ìyá Hajara ronú sí i. Oníṣòwò ni.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," ló sọ.

Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé owó iná. Àwa méjèèjì fọwọ́ sí i.

Hajarat bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn èèyàn náà padà. Mo sọ fún un pé kó fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ fún àwọn ará Íńdíà, kó sọ ọ̀rọ̀ tí a máa gbọ́, kó sì sọ ohun tó ń wá. Ó ní ojú á ti òun. Mo ní kó jẹ́ kó tì í kíákíá kó parí, torí dátà ń lọ. Ohun tó sọ nínú fídíò náà rèé:

"Èmi ni Hajarat, ọmọ Ìyá Onírọ́bà l'Ákẹ̀sán. Mo mọ kóró kajú. Kí ẹ tó sanwó àpò kan, ẹ pè mí, màá sọ iye tó dáa níbẹ̀ àti iye tó ti bàjẹ́. Iṣẹ́ ni mò ń wá. Tí ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni tó lè gbà mí, ẹ bá mi sọ fún un."

Ojú dídì ló fi sọ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn.

Kí wọ́n tó pe ìrun àsárì, èèyàn mẹ́tàlélọ́gọ́jọ ti wò ó. Èmi fúnra mi fi ránṣẹ́ sí èèyàn mọ́kàndínlógún, ìyẹn kì í ṣe òfófó, mò ń ṣọ́ owó mi ni. Èsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Deborah, tó ń ta búrẹ́dì lórígun wa, bèèrè iye tí ife kajú kan jẹ́. Ẹnì kan láti ilé-kéú fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti lọ́kọ. Abdulqoyum, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ní òun ò mọ̀ pé kò níṣẹ́ lọ́wọ́, òun rò pé ó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì ni.

Lọ́jọ́ kejì, nǹkan dákẹ́. Ìyá Hajara kọjá lọ́dọ̀ mi lẹ́ẹ̀mẹrin, ó kàn ń wo ibi tí mo tọ́jú ìwé owó iná náà sí.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni ohùn Shamsudeen dé lórí Wọ́sáàpù. Ilé bàbá Shamsudeen ní Sábó, l'Ógbómọ̀ṣọ́, ni Hajarat gbé nígbà tó wà ní yunifásítì. Shamsudeen fúnra rẹ̀ ń lọ ra kajú lóko, ó ń tà á fún àwọn tó ń ràn án lọ sókè òkun. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Hajarat jẹ́wọ́ fún mi pé Shamsudeen ni òun kọ́kọ́ fi nǹkan pamọ́ fún, kó tó kan èmi. Ó tan ohùn náà kí gbogbo wa gbọ́:

"Hajara, wàláhì, o ò ṣe é dáadáa. Kajú tí mò ń rù kiri láti ọjọ́ yìí, ìwọ lo mọ̀ ọ́n, o wá jókòó sílé o dákẹ́. Ọ̀gá kan wà níbí, Oyèlékè, ó ní ilé ìyankajú. Ẹni tó ń bá a yẹ kóró wò ti lọ sí Kánádà. Mo ti fi fídíò rẹ hàn án. Mo fi han ìyàwó rẹ̀. Mo fi han dírẹ́bà rẹ̀. Máa bọ̀ lọ́la."

Ìyá rẹ̀ ní ọmọbìnrin ò lè dá lọ, àgbàlagbà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ló bá di èmi. Ẹgbẹ̀rún méjì àti ààbọ̀ lọ, iye kan náà bọ̀, fún èèyàn méjì: ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Èmi ni mo san án.

Ilé iṣẹ́ Oyèlékè kò ju àká ńlá kan tí wọ́n fi páànù bò lọ, pẹ̀lú ààrò mẹ́ta lẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ kúrú, ó fi bírò sẹ́yìn etí. Àpò kajú ogójì wà nílẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lórí ọkọ̀.

"Ìwọ ni onífídíò?" ló bi Hajarat. "Ṣé o mọ̀ ọ́n lóòótọ́, àbí iná roboto yẹn ló mọ̀ ọ́n?"

"A máa ń gbìyànjú, sà."

Mo wúkọ́. Hajarat wò mí.

"Mo mọ̀ ọ́n, sà," ló wí.

"Ó dáa. Yẹ èyí wò fún mi. Mi ò tíì sanwó."

"Ti ta ni, sà?"

"Tèmi ni," ni Shamsudeen dáhùn láti ẹ̀yìn àpò, ó ti ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin gíga ni, ó wọ jálàbíà aláwọ̀ eérú. "Wá, wá wo ọjà ẹ̀gbọ́n ẹ." Ó ti tú ẹnu àpò kan dè é.

Hajarat dúró. Mo mọ ohun tó ń rò, torí èmi náà ń rò ó. Ẹni tó mú un wá ló ni ọjà. Tó bá sọ pé ó dáa, tí kò sì dáa, Oyèlékè á mọ̀ lọ́jọ́ iwájú, iṣẹ́ á bọ́. Tó bá sọ pé kò dáa, ta ló tún kù tó máa bá a sọ̀rọ̀ ní Sábó? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oṣù kẹrin ti bẹ̀rẹ̀, àǹtí oníwíìgì ń dúró.

Kò bu ti ẹnu àpò tí Shamsudeen tú. Ó ní kí wọ́n dá àpò mẹ́jọ dùbúlẹ̀ kí wọ́n tú wọn. Ó bu ti òkè, ó bu ti àárín, ó ki ọwọ́ dé ìsàlẹ̀. Ó pò wọ́n pọ̀ lórí ẹní, ó ka ọgọ́rùn-ún. Ó wọ ìbọ̀wọ́, torí omi èèpo kajú máa ń jó ara, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í là wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó funfun, ó fi sí ọ̀tún. Èyí tó dúdú tàbí tó rọ̀, ó fi sí òsì. Shamsudeen ń bá wa dápàárá nígbà tó la ogún àkọ́kọ́. Nígbà tó fi máa la ọgọ́ta, àpárá ti tán. Òkìtì ọwọ́ òsì ń ga.

Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

"Mọ́kàndínláàádọ́rin dáa, sà. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ò dáa. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ àpò ti mu omi òjò."

"Hajara," ni Shamsudeen wí.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Tí mo bá sọ nǹkan mìíràn, wọ́n á dá a padà láti òkè òkun, ọ̀dọ̀ yín náà ni wọ́n máa padà wá."

Shamsudeen bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú kóró dúdú kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sọ ọ́ nù. "Àwọn ará oko ló fi tútù sísàlẹ̀ fún mi. Èmi ọlọ́gbọ́n náà ò yí i wò."

Oyèlékè fa ẹgbẹ̀rún márùn-ún yọ lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Mi ò tiẹ̀ fẹ́ ṣírò rẹ̀, orí mi ló dá ṣe é: igba ẹgbẹ̀rún náírà. Shamsudeen mú fóònù rẹ̀, ó jáde. Hajarat bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ń ká a. Ó ti parí, ni mo sọ nínú ara mi, mo sì ń ro ohun tí màá sọ fún Ìyá Hajara nípa ìwé owó iná.

A wá gbọ́ ohùn Shamsudeen níta. Ó ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù, ó sì ń pariwo bíi pé ohùn náà máa fẹsẹ̀ rìn dé Sábó:

"Ẹ gbọ́ o. Ẹni tó bá ní kajú tútù lọ́wọ́, kó má gbé e wá sọ́dọ̀ Oyèlékè o. Ọmọbìnrin kan ti dé síbẹ̀. Ó ń ki ọwọ́ dé ìsàlẹ̀ àpò. Èmi tí mo mú un wá láti Ọ̀yọ́, kò wojú mi. Igba ẹgbẹ̀rún ló gbà lọ́wọ́ mi láàárín ìṣẹ́jú ogún. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ará oko."

Oyèlékè tẹ́tí títí ó fi parí. Ó fa bírò yọ lẹ́yìn etí.

"Àádọ́fà ẹgbẹ̀rún lóṣù," ló wí. "Yàrá kan wà lẹ́yìn tó o lè máa sùn. Ìgbà wo lo fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

Mo rò pé Hajarat á sọ pé ìgbà tó bá wù wọ́n. Ó ní, "Ìbọ̀wọ́ ńkọ́, sà? Ta ló ń rà á?"

Oyèlékè yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ tọ́ eléyìí?"

"Mo kàn jẹ́ lánlọ́ọ̀dù wọn ni."

Nígbà tí a dé Ọ̀yọ́, Ìyá Hajara ti wà lẹ́nu géètì. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì wọlé lọ pe àǹtí oníwíìgì. Lẹ́yìn náà ló tó yọjú sí mi. "Àwọn ẹlẹ́nu yìí náà ń wúlò," ló wí. "Owó yín ṣì wà níbẹ̀, Bàbá Ṣèyí." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa àdéhùn wa.

Ìgbà mẹ́ta ni Hajarat san án. Ìparí oṣù karùn-ún, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìparí oṣù kẹfà, iye kan náà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélógún àti ààbọ̀ tó kù wọlé sínú àkáǹtì mi ní Fúráìdeè tó kẹ́yìn oṣù keje, òjò ti mú ilẹ̀ débi pé èèyàn ò lè fẹsẹ̀ lásán rìn dé kànga. Mo kọ "Ó tán" sẹ́yìn ìwé owó iná náà, mo sì fún ìyá rẹ̀. Ti ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá owó ọkọ̀, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀, èmi náà ò tíì bèèrè.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Àmọ́ Hajarat tó ti mọ ìpolówó ṣe ò lè dákẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó gbé àwòrán mi sórí sítátọ́ọ̀sì, èyí tó yà mí níbi tí mo jókòó sí lórí àpò kajú pẹ̀lú fìlà mi tó wọ́. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Bàbá Ṣèyí ló yá òun lówó tí òun fi ríṣẹ́, kò gba èlé, òun sì ti san tán.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò tíì jẹun nígbà tí ọkọ Deborah dé, ó ní òun kàn ní kí òun yọjú kí òun kí mi ni. Lẹ́yìn rẹ̀, Abdulqoyum. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí tó ń ta bátìrì mọ́tò. Ní agogo mẹ́rin, ohùn Shamsudeen dé: "Bàbá Ọ̀yọ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ṣáà mọ̀ pé kajú ọdún yìí ò bá mi ṣe é dáadáa."

Mo pe Hajarat.

"Yọ àwòrán yẹn kúrò."

"Bàbá, ẹ̀yin ṣáà lẹ ní kí n ṣí i fún gbogbo èèyàn."

"Mo gbọ́. Báwo ni wọ́n ṣe ń fi nǹkan pamọ́ fún èèyàn lórí Wọ́sáàpù yìí?"

Mo gbọ́ ọ tó ń rẹ́rìn-ín, ariwo àwọn tó ń yan kajú sì wà lẹ́yìn rẹ̀. "Èèyàn mélòó ni, Bàbá?"

Mo wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Alábátìrì ò tíì lọ.

"Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igba ó lé mẹ́rìnlá," ni mo wí.